Bí A Ṣe Ń Fi Lésà Femtosecond Gé ITO Láìpa Gíláàsì Abẹ́ Rẹ̀ Lára

ITO ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé iná lójú fóònù, tí ojú sì ń ríran kọjá nínú rẹ̀. A ń gé e kí iná má baà kọjá láti apá kan ìlà sí èkejì. Èyí tí mò ń lò nípọn tó 150 nm. Femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà pulse, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí lésà ń ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ti bó awọ náà kúrò kí ooru tó ráyè tàn. Lésà nanosecond kò wọ́n tó o, ó sì tó fún gíláàsì tí a fẹ́ fi máa gbóná lásán, ṣùgbọ́n n kì í lò ó fún OLED, ìyẹn awọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ bí iná bá gbà á kọjá.

Ẹ fi acetone nu gíláàsì, ẹ fi isopropanol tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wọ gógù tí wọ́n ṣe fún wavelength (gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) lésà yín gan-an. Ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ 1030 nm, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ ojú.

Agbára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Wọ́n á gé ìlà tán, mítà á ní iná ṣì ń kọjá, wọ́n á sì yára fi kún agbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àpọ̀jù agbára ń gbẹ́ gíláàsì, ó sì ń kó etí ìlà jọ bí ebè. Bí ebè yìí bá ga ju awọ tí a máa tẹ́ lé e lọ, á gún un yọ, OLED náà á sì kú.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ gíga gíláàsì wò. Tí ìtànṣán 1030 nm tó fẹ̀ tó 5 mm bá gba inú léńsì 100 mm, yóò kóra jọ sí nǹkan bíi 26 µm. Bí gíláàsì bá fi 0.5 mm péré kúrò níbẹ̀, agbára tó ń bọ́ sójú kan á dín sí ìdajì. Ẹ dín agbára kù títí àmì yóò fi máa hàn ní gíga kan ṣoṣo, kí ẹ sì ṣe é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi máa ń fi pépà ìkọ̀wé há abẹ́ igun tó bá rẹlẹ̀. Abala kan nípọn tó 0.1 mm.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí awọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Lórí àkúfọ́ tó jẹ́ irú gíláàsì kan náà, ẹ ju pulse kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí agbára máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi máíkíróskóòpù wọn ìbú àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìbú náà lọ́po ara rẹ̀, kí ẹ fi òun àti ln agbára (logarithm àdánidá rẹ̀) ya gíráàfù; Excel ti tó. Ìlà tààrà ló máa jáde. Ibi tó ti kan òdo ni ààlà. Ìlọ́po méjì ààlà yìí ni mo máa ń fi gé, n kì í kọjá mẹ́ta láéláé.

Ní 200 kHz àti 1 m/s, pulse ń bọ́ ní 5 µm síra wọn. Àmì tó fẹ̀ tó 15 µm á gun ara wọn dáadáa. Ẹ tan skywriting, ètò tó ń pa lésà nígbà tí dígí bá ń yí ní igun, torí dígí galvo, èyí tó ń darí ìtànṣán, máa ń rọra rìn níbẹ̀, pulse á sì máa rọ́ lu ojú kan náà.

Ẹ fi isopropanol nu ẹ̀rún kúrò kí ẹ tó fi mítà wò ó, torí ẹ̀rún ITO náà ń gbé iná. Bí iná bá ṣì ń kọjá lẹ́yìn èyí, ẹ dín eré kù, tàbí kí ẹ tún ìlà náà gbà lẹ́ẹ̀kan sí i, láìfọwọ́ kan agbára.