Bí mo ṣe gbé yógà ìyá kan kúrò lórí ẹní lọ sórí ibùsùn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi yógà, ìyẹn oríṣiríṣi ìdúró ara àti mímí, ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ẹni ọdún 63 ni ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtọ́jú wọn yìí nígbà tí wọ́n wá bá mi. Ohun méjì ni wọ́n kà sílẹ̀: wọn kì í rí oorun sùn, orúnkún àti ìbàdí wọn sì ti gan débi pé, bí wọ́n bá jókòó sórí ẹní, àfi kí ẹnìkan fà wọ́n dìde. Dókítà wọn ti sọ fún wọn pé oríkèé orúnkún méjèèjì ti gbó, ó sì ti gbà pé kí wọ́n máa ṣe yógà tí kò bá le jù. Èmi náà pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì bí wọ́n ṣe pín in. Mo ka oorun sí ọ̀tọ̀, mo ka oríkèé sí ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣì í.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí n kì í fò: ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé wọ́n ní glaucoma, àrùn ojú tó lè fọ́ni lójú, ṣé wọ́n ti ṣubú láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ṣé wọ́n ti sọ fún wọn rí pé eegun wọn ti di ẹlẹgẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni sì ti gbọ́ kí wọ́n máa hanrun kíkankíkan tàbí kí èémí wọn dúró díẹ̀ lójú oorun. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì lójú mi, nítorí pé ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró lójú oorun gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dókítà, yógà kọ́ ni yóò wò ó sàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ìyá ní, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀. Nítorí náà, mo yọ gbogbo ìdúró tí orí ti ń wà nísàlẹ̀ ju ọkàn lọ kúrò, mo sì yọ gbogbo mímí tí a ti ń sé èémí mọ́ inú.

Ìdúró 7 ni mo kọ́kọ́ tò fún wọn, gbogbo rẹ̀ lórí ẹní, kí wọ́n máa ṣe é kété kí wọ́n tó lọ sùn, kí wọ́n sì fi Savasana parí rẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ gbọọrọ láì mira. Mo ní kí wọ́n máa kọ àkókò tí wọ́n sùn àti àkókò tí wọ́n jí sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ 2. Ní ìpàdé kejì, bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀, mo rí i pé ojú wọn fà ro. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ní kí n sinmi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí o ń sọ.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí iṣan iwájú ìbàdí bá ti sún kì, tí a sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ńṣe ni iṣan náà máa ń fa ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀, ẹ̀yìn yóò sì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a rò pé ó ń sinmi. Mo gbé ẹsẹ̀ wọn méjèèjì lé orí àga láti orúnkún dé gìgísẹ̀, mo ká aṣọ ìbora sábẹ́ orí wọn, ẹ̀yìn náà sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwé oorun yẹn ló wá la ọ̀rọ̀ yé mi. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé oorun kì í tètè gbé ìyá lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ń tètè sùn, wọ́n kàn ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, nígbà mìíràn ojú wọn ni ilẹ̀ á ṣe mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni ó ń jí wọn. Wọ́n ní, “Bí mo bá ti fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà ni.” Ìrora yíyí padà ló ń jí wọn, bí wọ́n bá sì ti jí tán, ẹ̀rù àtiyí padà mìíràn kò ní jẹ́ kí wọ́n sùn, wọn yóò dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí èjìká yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn wọn, kí wọ́n yí padà lójú mi. Wọ́n sé èémí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì fi agbára gbé ìbàdí sókè kí wọ́n tó yí i. Ọjọ́ náà ni mo pa ìdúró 5 rẹ́ nínú 7, tí a sì sọ yíyí padà di ìdúró tí à ń kọ́. Wọn yóò wọ́ gìgísẹ̀ kan lórí ibùsùn títí orúnkún yóò fi ká, wọn yóò wọ́ èkejì tẹ̀ lé e, ìrọ̀rí yóò sì wà láàárín orúnkún méjèèjì. Wọn yóò gbé apá kan kọjá àyà, wọn yóò yí ojú síbi tí wọ́n ń lọ, bí wọ́n bá sì ti ń mí síta ni èjìká, ìbàdí àti orúnkún yóò jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀yìn má baà lọ́. Ní dídìde, láti ẹ̀gbẹ́ ni wọn yóò ti sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, wọn yóò fi ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ ti ara wọn sókè, wọn yóò sì jókòó fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó nàró, nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè mú kí òòyì kọ ẹni tó bá dìde lójijì. Ọ̀sán ni a ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ara ti mọ ọ̀nà náà kí òru tó dé.

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ fún mi pé èyí kì í ṣe yógà. Èmi kò gbà. Inú ọ̀rọ̀ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, tó túmọ̀ sí kí a so nǹkan pọ̀ ni orúkọ yógà ti jáde, n kò sì rí ibi tí èémí àti ara ti gbọ́dọ̀ so pọ̀ ju ibi tí ìrora ti ń jí ènìyàn lóru lọ.

Àwọn ìdúró mìíràn tí à ń ṣe jẹ́ ti orí àga: nína orúnkún, yíyí ọrùn ẹsẹ̀, títẹ ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn, àti dídìde kúrò lórí àga tí a fi tìmùtìmù gbé ga, nítorí pé bí àga bá ṣe ga sí ni ẹrù orúnkún ṣe ń fúyẹ́.

Ti mímí gbà mí ní àkókò. Mo fẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ, nítorí pé bí a bá ń mí síta ni vagus, iṣan tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ wá sí ọkàn, máa ń mú kí ọkàn rọra lù. Mo ní kí wọ́n ka 4 sínú, kí wọ́n ka 6 síta. Ó pọ̀ jù. A dín in kù sí 3 àti 4, síbẹ̀ kíka náà ń kó wọn lọ́kàn sókè, bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Mo bá fi Bhramari dípò rẹ̀, ìyẹn kíkùn bí oyin pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ohùn náà fúnra rẹ̀ ń mú kí èémí pẹ́ kó tó tán, kò sì sí ohun tí wọn yóò kà. Ìṣẹ́jú 10 ni èyí ń gbà lálẹ́, pẹ̀lú ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún.

Ohun kan wà tí mo rọra ṣe. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń fún aláìróorunsùn ni pé bí nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá tí oorun kò padà, kí ó kúrò lórí ibùsùn. Fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò dúró dáadáa, rírìn nínú òkùnkùn léwu. A gbé àga alápá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn gan-an, a gbé iná síbi tí ọwọ́ wọn yóò tó, a sì kó ohun gbogbo tó lè kọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kúrò láàárín.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ìwé wọn fi hàn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sábà ń jí, wọ́n sì ń tètè padà sùn. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n lórí àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ìyẹn padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní ìpàdé wa tó kẹ́yìn, wọ́n yí padà lójú mi láìjẹ́ pé mo sọ ohunkóhun, mo sì rí i pé wọ́n ti fi ìrọ̀rí kejì sẹ́yìn ara wọn kí wọ́n lè fara tì í ní ìlàjì ọ̀nà, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tó yí ìyókù. Èmi kò ronú kàn án. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, ẹni tó wá bá mi lẹ́yìn wọn ni mo sì kọ́kọ́ fi kọ́.