Kí ẹ tó kọ orin ìjẹ́wọ́, ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀

Orin ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ìbarà, àwọn kan nínú wọn sì ti ń gba iṣẹ́ ìgbéyàwó ní Kútọ̀ àti Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ orin ìjẹ́wọ́, ìyẹn orin tí ẹnìkan ti ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan máìkì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sínú ìwé, kí ẹ kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ kó tó lanu?

Ẹ jẹ́ ká mú "Someone Like You" ti Adele, akọrin obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí òun ni mo rí tí wọ́n ń ṣì lò jù. Adele àti Dan Wilson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ kọ ọ́, ó sì wà nínú àwo tó ń jẹ́ 21, tó jáde lọ́dún 2011. Adele àti ọkùnrin kan ló pínyà. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ pé ọkùnrin náà ti ń múra àtigbé ẹlòmíràn níyàwó. Nínú orin, ọkùnrin yẹn ti níyàwó, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Obìnrin yìí kàn yọ sí i láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó súre fún un. Ó ní òun náà á rí ẹni tó jọ ọ́. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbàgbé òun.

Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Ẹni tó ti gba kámú kì í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbàgbé òun. Ìre tó ń sú yẹn ń há a lọ́fun ni. Bí ẹ bá kọ ègbè rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ́gun, ẹ ti ba orin náà jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́ ohun èlò rẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí gìtá. Píánò ni, tó ń tú kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí wọ́n máa ń tẹ̀ pa pọ̀, palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ohùn rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kí ohùn tó gòkè níbi ègbè. Ìró A major, tó máa ń dún bí ayọ̀, ni wọ́n sì fi kọ ọ́, kì í ṣe minor, tó máa ń dún bí ìbànújẹ́, tí etí ń retí fún orin ẹkún. Lójú tèmi, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan láti Ìtòkú máa ń pariwo ègbè yìí ni. Mo gbé àga òfìfo síwájú rẹ̀, mo ní ọkùnrin náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn, ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá, kó má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó náà gbọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ibi ẹ̀bẹ̀ yẹn, ó gbé e sókè, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára àga.

Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ gbà wo "Easy On Me" ti ọdún 2021. Ìgbéyàwó Adele tó tú ká ló ń sọ níbẹ̀, ó sì ní òun ṣe àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀ kí ọmọ òun lè lóye tó bá dàgbà.

Tí ìyàwó bá wá ní "Someone Like You" lòun fẹ́ fi wọlé, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún un: "Ìyàwó wa, àfẹ́sọ́nà àtijọ́ ló ń wá ọkọ yín wá nínú orin yìí o." Tó bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ tẹ píánò rẹ̀ nìkan, láìkọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn àlejò bá ń jẹun.