Ẹ má gé sípíríǹgì o: bí mo ṣe tún mọ́tò oníjókòó méjì mi ṣe fún títì Ìkòròdú

Mazda MX-5 ni mò ń wà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata, tèmi jẹ́ ti 1999, tòkúnbọ̀, Ìkòròdú níbí náà ló wà. 1989 ni Mazda kọ́kọ́ gbé mọ́tò yìí jáde. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, mọ́tò ọ̀hún ò wúwo rárá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nǹkan kékeré tó bá bàjẹ́ lábẹ́ ẹ̀ báyìí, ọwọ́ yín máa mọ̀ lára sítíárìn. Mo wá rí i pé ẹni tó bá ra irú ẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni kó lọ bá wẹ́dà kí wọ́n gé sípíríǹgì kí mọ́tò lè sún mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.

Ìdí ni pé tí sípíríǹgì bá ti kúrú, ṣọ́ọ̀kì ò ní àyè tó máa fi rìn mọ́, bọ́ǹpù kékeré kan báyìí ó ti kan ìdí, mọ́tò á fò sókè, táyà á kúrò nílẹ̀, mọ́tò tí táyà ẹ̀ ò sí nílẹ̀ ò lè gba kọ́nà, bó ti wù kó rẹwà tó nígbà tó bá dúró. Láti Garage títí dé Agric, ẹ ka bọ́ǹpù àti kòtò tó wà níbẹ̀, ẹ ẹ̀ ní sọ pé mo parọ́. Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, lẹ́yìn náà búṣìn (rọ́bà tó wà ní ìdí àwọn apá irin tó di táyà mú) àti ṣọ́ọ̀kì, aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo bí táyà ṣe tẹ̀ àti ibi tó kọjú sí, ló máa kẹ́yìn. Bó ṣe tẹ̀ léra nìyẹn, ẹ má yí i padà, ẹni tó bá ṣe aláínmẹ́ǹtì sórí búṣìn tó ti kú, owó ẹ̀ ló dà sómi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí táyà. Lára ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dẹrẹ́bà, ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà ló wà lára ẹ̀, ti tèmi ni 26 psi, níwájú àti lẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún fọkanáísà àdúgbò wa, ó wò mí lójú, ó ní "Ọ̀gá, 26 kẹ̀? Ṣé kí táyà yín lélẹ̀ ni?" Mo ní "Bọ̀dá, ẹ ṣáà bá mi fi 26 sí i." 40 ló ń fi sí ti gbogbo èèyàn, bọ́ọ̀sì o, Corolla o, òun náà ló ti ń fi sí tèmi tí mi ò mọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ jù lára mọ́tò tó fúyẹ́ báyìí, àárín táyà nìkan ló ń fọwọ́ kan ilẹ̀, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí títì, tí òjò bá sì rọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á fẹ́ yọ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn, kí n tó dé ilé ni mo ti mọ̀ pé mọ́tò ti yàtọ̀. Ẹ ra gééjì tiyín sínú mọ́tò, àárọ̀ ni kí ẹ máa wò ó kí táyà tó gbóná. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà níparí ọ̀rọ̀ DOT lára táyà, tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, torí táyà tòkúnbọ̀ lè ní "téèdì" (ojú táyà tó ní ilà) dáadáa kí rọ́bà ẹ̀ sì ti gan pátápátá.

Kí ẹ tó wọ abẹ́ mọ́tò: ilẹ̀ wa níbí yanrìn ló pọ̀, jáàkì máa ń rì sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ẹ ẹ̀ ní mọ̀. Ẹ fi pákó tó nípọn sábẹ́ jáàkì, kí ẹ fi sítáńdì gbé mọ́tò dúró, ẹ fi òkúta há táyà tó kù. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Mi ò fi ìyẹn ṣeré rárá.

Búṣìn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Táyà kọ̀ọ̀kan lára mọ́tò yìí, apá méjì ló dì í mú, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, búṣìn rọ́bà ló sì wà ní ìdí apá kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ronú iye ọdún tí rọ́bà yẹn ti lò. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ti ìsàlẹ̀ níwájú lápá ọ̀tún, rọ́bà ẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́, mo fi irin gbọọrọ kan tì í díẹ̀, apá yẹn rìn síwájú rìn sẹ́yìn bí eyín tó fẹ́ ká. Abájọ tí mọ́tò fi ń fà sọ́tùn-ún tí mo bá ti tẹ búréèkì.

Mo ní kí mẹkáníìkì pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí táyà ń fì lókè ló fún bọ́ọ̀tì pa, mi ò sì tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn, oṣù mẹ́rin péré rọ́bà tuntun ti ya. Ó dùn mí gan-an. Ohun tó fà á ni pé rọ́bà yẹn kì í yí, lílọ́ ló máa ń lọ́, tí ẹ bá fún un pa nígbà tí apá ń fì wálẹ̀, tí mọ́tò bá wá délẹ̀, á ti lọ́ dé góńgó kó tó gbéra rárá. Ẹ kàn so bọ́ọ̀tì mọ́ ọn lásán, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà ẹ̀, ẹ mì í sókè sódò díẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fún un pa. Ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín níbẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ẹ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ kí ẹ yọwọ́, tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó ń fì, tàbí tí ẹ bá rí ọ́ìlì lára ẹ̀, ó ti lọ nìyẹn, méjì méjì sì ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀.

Aláínmẹ́ǹtì ti mọ́tò yìí kì í ṣe ti iwájú nìkan o, ẹ̀yìn náà ṣeé yí, ẹni tó bá ní iwájú nìkan lòun máa ṣe, ẹ wá ibòmíì lọ. Bọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń yí i máa ń dógùn-ún débi tí ò ní mì, torí náà ẹ ti fi ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà rẹ ẹ́ láti alẹ́ àná. Kí ẹnì kan jókòó sí ọ̀dọ̀ dẹrẹ́bà bí wọ́n bá ń ṣe é, ẹni tó wúwo bíi tiyín, torí ara ẹnì kan tó láti yí nǹkan padà nínú mọ́tò kékeré. Tèmi, mo jẹ́ kí orí táyà iwájú tẹ̀ sínú bíi dígírì 1, tẹ̀yìn dígírì 1 àbọ̀, táyà iwájú kọjú síwájú gbọnrangandan, tẹ̀yìn kọjú sínú fẹ́ẹ́rẹ́. Ó wù mí bẹ́ẹ̀, kì í já táyà jù, sítíárìn sì ń gbọ́ràn.

Búréèkì ẹ̀yìn ń kọ́ mẹkáníìkì púpọ̀ lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ páàdì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kílááǹpù fún pístìn ẹ̀ (irin tó ń ti páàdì) wọlé, ó máa bàjẹ́, torí háńdìbúréèkì wà nínú ẹ̀. Bọ́ọ̀tì kan wà lẹ́yìn kálípà, ìyẹn irin tó gbé páàdì àti pístìn dání, sípánà 14 ló ń tú u, tí ẹ bá yọ ọ́, inú ihò yẹn ni ẹ ti máa fi állen kíì 4 yí i sápá òsì, pístìn á rọra wọlé fúnra ẹ̀. Tí páàdì tuntun bá ti wọlé, ẹ yí i sápá ọ̀tún títí páàdì á fi di díìsì mú, ẹ wá dá a padà bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìyípo kan. Ẹ fọ àwọn píìnì tí kálípà ń rìn lórí ẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì sílíkónì sí i, kì í ṣe gíríìsì bẹ́árìn. Búréèkì fúlúùdù, ọdún méjì méjì, torí ó máa ń fa omi mọ́ra.

Inú bùútù ni bátìrì wà, èyí tó ní páìpù tó ń gbé gáàsì ẹ̀ jáde ni wọ́n ṣe é fún, tí ẹ bá ki bátìrì lásán síbẹ̀ láìsí páìpù, ásíìdì á jẹ ilẹ̀ bùútù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ da lítà 3 àbọ̀, kí ẹ máa fi dípsíìkì (irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì) wò ó lọ. Tí ẹ ò bá sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ timing belt (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì) kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò wá kù. Rúùfù aláṣọ yẹn, omi tó bá ṣàn wálẹ̀ látara ẹ̀, ihò méjì ló ń gbà jáde, ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ewé máńgòrò ló dí tèmi pa, omi ń rọ́ sínú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó ń jẹ irin níbi tí ojú ò tó. Ẹ má fi wáyà líle gún un, á dá páìpù rọ́bà inú lu, okùn rọ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ló dáa jù. Ẹ da ife omi kan síbẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ mọ́tò níwájú táyà ẹ̀yìn, ó gbọ́dọ̀ máa já sílẹ̀ níbẹ̀.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti parí, àárọ̀ Sunday kí ọkọ̀ tó pọ̀, èmi máa ń gba títì Itoikin lọ sápá Imota, mi ò kì í sáré, mo kàn ń tẹ́tí sí i ni. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju èkejì ẹ̀ lọ, búréèkì ẹ̀ ò tú dáadáa, ẹ padà lọ wo píìnì kálípà yẹn.