Ẹ Má Fi "A Dúpẹ́" Dá Agbẹ̀bí Lóhùn: Ọ̀rọ̀ Sepsis fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ Bímọ ní Ìlú Ọba

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi rèé nílé ní Ìperu, àwọn tó ń múra Ìlú Ọba kò sì jẹ́ kí n sinmi. Láàárín ọjọ́ méjì, obìnrin mẹ́ta ló wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá mi. Ọ̀kan wá láti Ìlíṣàn, ọ̀kan láti Ìkẹ́nnẹ́, ìyàwó àbúrò mi ni ẹni kẹta, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti ṣíwájú. Wọ́n bi mí nípa aṣọ òtútù. Wọ́n bi mí iye tí wọ́n ń ta gààrí Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí nípa ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sáré sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Tí ẹ bá ti dé, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò, GP ni wọ́n ń pè é. Ẹ kàn sí àwọn agbẹ̀bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé, ọ̀sẹ̀ tí ẹ dé gan-an ni kí ẹ lọ. Owó ìlera tí ẹ san mọ́ físà, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, òun ló gbé ìtọ́jú oyún àti ìbímọ. Ní England, ọ̀fẹ́ ni oògùn tí dókítà bá kọ fún aláboyún, títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan. Ẹ ní kí agbẹ̀bí bá yín gba ìwé rẹ̀. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè béèrè ògbufọ̀, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ìyẹn tán.

Sepsis ni orúkọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ibà lásán. Kòkòrò àrùn á gba ibì kan wọlé: ilé ọmọ, ojú ara tó fàya nígbà ìrọbí, ojú iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà ìtọ̀, ọmú, ẹ̀dọ̀fóró. Ara á dìde láti bá a jà, ìjà náà á wá le débi pé ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara rẹ̀ jẹ́. Kíndìnrín á kọṣẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á dàrú. Ó ń mú aláboyún, ó ń mú ẹni tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ó sì ń mú abiyamọ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Wákàtí ni a fi ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún tí mo bímọ, agbẹ̀bí wá sílé láti gún ọmọ ní gìgísẹ̀, kó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ó bi mí pé báwo ni ara mi. Ìsàlẹ̀ ikùn ti ń ro mí láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lára mi sì ti ń rùn, òórùn tí kò jọ ti ẹ̀jẹ̀ ìbímọ rárá. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn: mo ní a dúpẹ́, ara mi le. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ní ilé wa, ẹni tí wọ́n bá kí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn, wọ́n á ní ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí kò dára. Ojú òórùn yẹn sì ń tì mí. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ara ìyá le, ó kí mi, ó lọ. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo sọ ló kọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo gbọ̀n títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Mo pe màmá mi ní Ìperu. Wọ́n ní wàrà ló ń sọ̀, kí ọkọ mi bọ aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná kó fi máa tẹ̀ mí níkùn. Ohun tí ìyá tiwọn ṣe fún wọn ni wọ́n sọ, mi ò bá wọn jà. Mo lo paracetamol méjì, ìgbóná rọlẹ̀. Mo tún fa kápúsù aláwọ̀ méjì tí mo rà ní Ṣàgámù yọ nínú àpótí, mo gbé méjì mì láìbi ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ keje, mo pe ọ́fíìsì GP, mo ní ìgbóná ń ṣe mí, gbogbo ara ń ro mí. N kò sọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ! Mo rò pé wọ́n ti mọ̀, ṣebí ìjọba kan náà ló ni wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù kò mọ̀. Ó ní kí n mu omi dáadáa, kí n máa lo paracetamol lọ.

Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ. Ilé kún fọ́fọ́, àwọn ará Ìperu náà ń wò wá lórí fóònù. Mo tún gbé paracetamol méjì mì kí n lè jókòó. Wọ́n gbé oyin, wọ́n gbé obì àti orógbó, àwọn àgbà ń ṣàdúrà, mò ń ṣe àmín, eyín mi ń gbá ara wọn. Ẹnì kan ní ojú mi ń dán, pé ìyá ọmọ yẹ mí. Ìgbóná ló ń dán lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mò ń de bọ́tìnnì aṣọ ọmọ. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni. Ìka mi ń wá ihò, kò rí i. Mò ń mí bí ẹni tó ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí. Mo bi ọkọ mi pé ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ ilé Ìperu. Ó wò mí, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó rí i pé ó ti dà bí eérú. N kò tọ̀ láti àná. Ó tẹ 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn.

Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn, kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò gba ojú iṣan, tí wọ́n so omi, tí wọ́n fún mi ní ọ́síjìn, tí wọ́n sì fi rọ́bà sí ojú ìtọ̀ kí wọ́n lè máa wọn èyí tó ń jáde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wákàtí kan yẹn ló ń ya ìyè sọ́tọ̀ kúrò lára ikú. Wọ́n wá rí i pé ẹ̀ya kékeré lára ibi ọmọ ló ṣẹ́kù sínú ilé ọmọ tó ń jẹrà, wọ́n sì gbé mi lọ kó o kúrò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, mẹ́rin nínú rẹ̀ láàárín àwọn tí àìsàn wọn le jù lọ. Inú ìgò ni ọmọ mi ti ń mu wàrà. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, dókítà kan bi mí pé ìgbà wo ni òórùn yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọjọ́ karùn-ún. Kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, tí agbẹ̀bí bá bi yín pé báwo ni, kì í ṣe pé ó ń kí yín. Àyẹ̀wò ló ń ṣe. Wọ́n máa ń wá ní ọjọ́ kejì tí ẹ padà sílé, wọ́n á wá ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n á tún rí yín ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Gbogbo ohun tó ń ṣe yín ni kí ẹ kà fún un: òórùn, inú rírun, ìtọ̀ tó ń ta, ọmú tó pọ́n tó le tó gbóná, ojú ọgbẹ́ tó ń yọ ọyún. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó bá ti lọ tán.

Ẹ ra tẹmómítà. Bí ara bá gbóná tó 38°C, ẹ pe àwọn agbẹ̀bí. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀ ju 36, ẹ pè wọ́n, torí sepsis lè wà láìsí ìgbóná kankan. Ẹ wọn ara yín KÍ Ẹ TÓ gbé paracetamol mì, ẹ kọ aago tí ẹ lò ó sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn, torí ó ń bo ìgbóná mọ́lẹ̀ nígbà tí àrùn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kápúsù inú àpótí yẹn, ẹ fi sílẹ̀ ní Ṣàgámù! Méjì mẹ́ta tí ẹ gbé mì kò lè pa àrùn náà, ó kàn lè da àyẹ̀wò rú.

Bí àyà bá ń lù kìkì, tí èémí ń yára, tí ìtọ̀ kò wá, tí ẹ ń bì tí ẹ sì ń yàgbẹ́ gbuuru, tí inú ń dunni kọjá bó ṣe yẹ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ tó pe wọ́n. Awọ dúdú kì í tètè fi hàn bí awọ òyìnbó, ẹ wo ètè, ahọ́n, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Tí abiyamọ bá ti ń ṣì wí, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ètè rẹ̀ ti yí padà, 999 ni. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà àwọn agbẹ̀bí wà nínú ìwé oyún yín, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ẹ béèrè kí ẹ tó bímọ pé títí di ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè dá abiyamọ lóhùn. Tí ẹ kò bá rí wọn bá sọ̀rọ̀, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera fún ohun tí kò tíì tó ti 999. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu yín máa sọ, kí ó tó kan orúkọ pàápàá, ni èyí: "I gave birth eight days ago. Could this be sepsis?" (Ìyẹn ni pé: mo bímọ ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣé kì í ṣe sepsis nìyí?) Ẹ fi iye ọjọ́ tiyín sí i. Mo mú kí ìyàwó àbúrò mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Oyún inú náà ńkọ́? Bí omi bá tètè tú, tí ó ń rùn, tí ara gbóná, tàbí tí ọmọ kò yí mọ́ bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń bọ̀ láti Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú wá gbé ọmọ pọ̀n, mo kúnlẹ̀. Ẹ se ọbẹ̀ gbígbóná, ẹ wẹ ọmọ, a nílò yín. Ṣùgbọ́n tí abiyamọ bá ń gbọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, fóònù ni kí ẹ gbé, kì í ṣe àgbo. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ń dun, kó má wá síbi ìsọmọlórúkọ, torí irú kòkòrò tó ń wà ní ọ̀fun lè wọ ilé ọmọ. Kí abiyamọ máa fọ ọwọ́ kó tó wọ ilé ìyàgbẹ́, kó sì fọ̀ ọ́ tó bá jáde.

Ẹ má fi ti owó jókòó sílé. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wá pàápàá, wọn kò ní gba owó ìtọ́jú pàjáwìrì ní A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn; tí wọ́n bá dá a dúró, ìwé owó lè tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n lé aláboyún tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nítorí owó.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má gbà tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan tí ojú yín sì ń rí i pé nǹkan wà. Ìwádìí MBRRACE-UK, àwọn tó ń wádìí ikú ìyá àti ọmọ ní Ìlú Ọba, ti fi hàn léraléra pé àwọn obìnrin dúdú ń kú nídìí oyún àti ìbímọ ju àwọn funfun lọ níbẹ̀. Láti 2024, àwọn ilé ìwòsàn England ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní Martha's Rule, tí wọ́n fi orúkọ Martha Mills sọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí sepsis pa ní 2021. Ó fún ẹbí láyè láti pe àwọn dókítà mìíràn wá wo aláìsàn wọn. Ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Tí sepsis bá ti ṣe yín rí, ó lè rẹ̀ yín fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe ọ̀lẹ. Tí ẹ bá sì tún lóyún, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí mo lóyún kejì, agbẹ̀bí bi mí pé báwo ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì fi bírò pupa fà á nísàlẹ̀.