Ẹ wọn bàálù yín kẹ́ ẹ tó ra mọ́tò

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi gígùn ìyẹ́ yan mọ́tò bàálù onírìmóòtù. Ìwúwo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Gbogbo ohun tó máa bá a gòkè pátá ni kẹ́ ẹ kó sórí òṣùwọ̀n: bátìrì, servo (mọ́tò kékeré tó ń yí àwọn apá tó ń darí bàálù), táyà, títí kan rọ́bà tẹ́ ẹ fi de ìyẹ́ mọ́ ara. Bàálù tí èèyàn fi ń kọ́ṣẹ́ ń fẹ́ nǹkan bí 200 wáàtì fún kìlò kan. Tó bá jẹ́ èyí tó ń tàkìtì lókè, ẹ fún un ní 300. Ìwúwo ni mọ́tò ń gbé, bàálù méjì tí ìyẹ́ wọn sì gùn dọ́gba lè máà wúwo dọ́gba rárá. Fún ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo, èyí tí wọ́n ń pè ní .40 (bí àyè inú rẹ̀ ṣe tó ní cubic inch) máa ń tó bàálù ìkọ́ṣẹ́ kìlò méjì ààbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ra èyí tó tóbi jù: imú bàálù á wúwo, ẹ ó wá máa lẹ òjé mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè dúró déédéé, eré tó máa fi balẹ̀ á sì le. Ibi tí ìṣirò yìí mọ nìyí: wáàtì tó wà lára páálí mọ́tò, òpin agbára rẹ̀ ni. Propeller (abẹ̀bẹ̀ tí mọ́tò ń yí) àti bátìrì ló ń pinnu iye tó ń lò gan-an. Torí náà, ẹ so bàálù mọ́lẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi watt meter (ẹ̀rọ tó ń ka iye wáàtì) wò ó.