Bí Mo Ṣe Yan Ìpara fún Ojú Tó Máa Ń Yọ Irorẹ́

Oògùn irorẹ́ tí dókítà awọ ara kọ fún mi ló sọ ọ̀rọ̀ ìpara di dandan. Adapalene ni mo ń fi sójú lálẹ́, ọṣẹ olómi tó ní benzoyl peroxide ni mo sì fi ń bọ́jú láàárọ̀. Àwọn méjèèjì ń bá irorẹ́ jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbẹ awọ, àgàgà níbẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ Ìbàdàn wá dé bá mi lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ imú mi ń bó, igun ẹnu mi ń sán, omi lásán tí mo bá bù sójú ń ta mí. Síbẹ̀ tó bá fi máa di ọ̀sán, iwájú orí mi á ti máa dán fún òróró.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ wa lójú nìyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ òróró á ní kí lòun fẹ́ fi ìpara ṣe? Òróró tí ara ń tú jáde lọ́tọ̀, omi inú awọ lọ́tọ̀. Ojú lè máa dán kó sì tún gbẹ. Bí ẹ kò bá fi ìpara ran oògùn lọ́wọ́, títa àti bíbó yẹn ló máa mú yín pa oògùn tì kó tó ṣiṣẹ́, torí adapalene ń fẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

Màmá mi ti ní ìdáhùn tirẹ̀ nílẹ̀: òrí. "Òrí la fi tọ́ ẹ dàgbà. Ṣé òun náà ló wá di ọ̀tá ojú ẹ?" Mo ní, "Rárá o, màmi, ẹsẹ̀ àti apá mi ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́." Òótọ́ sì ni. Mi ò tíì rí ohun tó dá ẹsẹ̀ gbígbẹ lóhùn tó òrí lásìkò ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni òrí. Ó máa ń há omi tó ti wà nínú awọ mọ́lé kó má bàa fò lọ, kì í fa omi wá, ó sì wúwo fún ojú tó ti ń yọ òróró tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń fi í pa ojú tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n, mi ò bá wọn jà. Àdín àti òróró àgbọn ni mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó sún mọ́ ojú mi rárá.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ apòògùn, mo kọ́kọ́ yà ní ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ìpara. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n bá yín po èyí tó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀." Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ. Krímù àpòpọ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ kánkán bẹ́ẹ̀, clobetasol tàbí betamethasone ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, sitẹ́rọ́ìdì sì ni wọ́n, ìyẹn oògùn líle tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀. Irorẹ́ á kọ́kọ́ rọlẹ̀, ojú á mọ́ rekete. Tó bá yá, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ tí sitẹ́rọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń fà á tú jáde, bí ẹ bá sì ní kí ẹ dáwọ́ dúró, ojú á tún dàrú sí i. Àwọn mìíràn a máa bu hydroquinone, èròjà tí wọ́n fi ń bóra, sí i. NAFDAC kò gbà kó kọjá ìdá 2 nínú 100 nínú ìpara, wọ́n sì ti fòfin de mákúrì tí wọ́n tún fi ń bóra, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa wọn èyí tí wọ́n fi ṣíbí pò lẹ́yìn káńtà? Ìpara tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọn ò sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, mi ò ní gbé e débi ojú mi.

Nígbà tí mo dé ilé oògùn, ẹ̀yìn ìgò ni mo ń kà. Ìpolówó ló kún iwájú. Wọ́n á kọ "oil-free", wọ́n á kọ "glow", wọ́n á kọ "non-comedogenic", tí wọ́n fi ń sọ pé kò ní dí ihò ara. Mo máa ń wá ti ìkẹyìn yẹn o, ṣùgbọ́n mi ò fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà tí púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, kò sí òfin tó ní báyìí ni ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe dán ìpara wò kí wọ́n tó kọ ọ́ sí i lára. Àwọn àtòkọ tó ń fún èròjà ní máàkì láti 0 dé 5 náà, etí ehoro ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọ̀hún, etí ehoro sì máa ń tètè dí ju ojú ènìyàn lọ.

Èròjà tó pọ̀ jù ló máa ń ṣíwájú lẹ́yìn ìgò. Lẹ́yìn omi, glycerin ni mo ń wá, kó má jìnnà sí òkè. Kò wọ́n, òun sì ni òṣìṣẹ́ gidi, torí ó ń fa omi mọ́ awọ. Ceramide tẹ̀ lé e: irú ọ̀rá tó wà nínú awọ fúnra rẹ̀ ni, ó ń bá a dí ibi tí oògùn ti họ. Niacinamide ń tu awọ lára, ó sì ń bá àpá dúdú ṣe díẹ̀díẹ̀. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, àpá yẹn máa ń bani nínú jẹ́ ju irorẹ́ gan-an lọ. Dimethicone tí àwọn kan ń sá fún kò bà mí lẹ́rù, torí ó ń bo awọ láìwúwo.

Àwọn tí mo dá padà sórí pẹpẹ ni èyí tí isopropyl myristate, isopropyl palmitate, òróró àgbọn tàbí ọ̀rá kókó wà lókè àtòkọ wọn, torí wọ́n lè dí ihò ara. Owó kókó ló kọ́ Cocoa House fún wa ní Dùgbẹ̀, mo sì ń yangàn pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ kí ọ̀rá rẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ o. Èyí tó ní "parfum" náà, mo fi sílẹ̀. Awọ tó ti ń bó kò wá lọ́fínńdà.

Méjì ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, jẹ́ẹ̀lì kan àti lóṣọ̀n kan. Apòògùn, ọmọkùnrin kan báyìí, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo lẹ ń lò lọ́wọ́?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ẹ yẹ jẹ́ẹ̀lì yẹn wò, salicylic acid tó ń họ awọ wà níbẹ̀. Pẹ̀lú adapalene, ó máa pọ̀ jù fún yín." Òótọ́ ló sọ, mo ti rí i nísàlẹ̀ àtòkọ, mi ò kà á sí. Mo mú lóṣọ̀n, ìgò kékeré, èyí tí wọ́n ń tẹ orí rẹ̀ kó tó jáde. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ ju ike ẹlẹ́nu gbàgàdà tí à ń ti ìka bọ̀ lójoojúmọ́.

Abẹ́ àgbọ̀n lẹ́bàá etí ni mo kọ́kọ́ pa á sí fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá yún, tó wú, tàbí tó ń ta láìdáwọ́ dúró, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Mi ò fi nǹkan tuntun mìíràn kún un lásìkò náà, torí adapalene fúnra rẹ̀ lè mú irorẹ́ yọ sí i ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ò sì ní mọ ẹni tí ẹ máa mú. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni irorẹ́ tó bá ń yọ níbi tí kì í yọ sí tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe ń lò ó kò le. Ọwọ́ ni mo fi ń bọ́jú, mi ò lo kànìnkànìn. Mo fi táwẹ́lì tẹ̀ ẹ́, mo sì pa lóṣọ̀n nígbà tí ojú ṣì tutù díẹ̀. Lálẹ́, mo máa ń jẹ́ kó gbẹ, kí n tó fi adapalene tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ pa gbogbo ojú, lálẹ́ kan kí n fo ìkejì, títí awọ fi gbà á. Láàárọ̀, sunscreen, ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, ló ń gbẹ̀yìn, torí oòrùn ń mú àpá dúdú ṣú sí i. Táwẹ́lì funfun ni kí ẹ lò o, benzoyl peroxide máa ń ṣí aṣọ láwọ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ lo adapalene rárá.

Títa rọlẹ̀, bíbó dúró, irorẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dín kù, ṣùgbọ́n ti iwájú orí kò kúrò. Ìpara irun ni mo fura sí. Láti ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa irorẹ́ tó ń ti ara ìpara irun yọ síwájú orí. Mo jẹ́ kí tèmi mọ sí àárín orí, mo ń so ṣíkáàfù sùn, ó sì ń dára bọ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, lóṣọ̀n yẹn wá wúwo lọ́sàn-án. Mo ra jẹ́ẹ̀lì tí kò ní salicylic acid fún àárọ̀, mo sì fi lóṣọ̀n sílẹ̀ fún alẹ́. Àmì 12M wà lára ìgò rẹ̀, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ kọjá oṣù méjìlá lẹ́yìn tí mo bá ti ṣí i, nítorí náà mo ti kọ déètì sí ìdí rẹ̀.