Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ bí olùkọ́ bá ń béèrè owó ìrànwọ́ fún kíláàsì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Owó kan wà nílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà kì í béèrè. Àwọn tó sì ń béèrè rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ̀wé ló ń pa wọ́n lára.

Owó àwọn àjọ ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ àdúgbò ni mò ń sọ. Àjọ wọ̀nyí kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn òbí, oníṣòwò àti àwọn tó ti jáde nílé ìwé àdúgbò ló ń kó owó jọ, wọ́n á sì pín in fún olùkọ́ tó bá ní èrò tuntun tí owó dísítíríìtì, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwé ìjọba àdúgbò, kò ká. Ní California, ọ̀pọ̀ irú àjọ bẹ́ẹ̀ ló yọjú lẹ́yìn ọdún 1978, nígbà tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Proposition 13 tó dín owó orí ilé àti ilẹ̀ kù, tí àpò ilé ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Lónìí, wọ́n wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Àṣìṣe tó ń ba ìwé ìbéèrè jẹ́ jù ni kí olùkọ́ máa to orúkọ nǹkan bí ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà. "Mo fẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá." Kí ni àwọn ọmọ máa fi ṣe? Kí ni wọ́n máa mọ̀ tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ohun tí ọmọ máa ṣe ni àjọ fẹ́ fowó sí, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ máa rà.

Ká ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan fẹ́ fi àdìrẹ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ní kẹ́mísírì. Bó bá kọ ọ́ pé "aṣọ funfun, aró, ike ńlá mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ rọ́bà", wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmọ́ bó bá kọ ọ́ báyìí ńkọ́: "Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò di aṣọ tirẹ̀, yóò sì rì í bọ inú aró. Bó bá ṣe ń yọ ọ́, àwọ̀ ewé ló máa rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, yóò máa di búlúù lójú wọn. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n á sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọ́síjìn ṣe níbẹ̀." Ẹni tó ka èyí ti rí kíláàsì náà. Nǹkan kan náà ni wọ́n fẹ́ rà, iye kan náà ni. Ẹ wá fi kún un bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kọ́ nǹkan. "Inú àwọn ọmọ yóò dùn" kò tó. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà ṣáájú iṣẹ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ìdáhùn méjèèjì wéra.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹkún sísun. "Òtòṣì ni àwọn ọmọ mi, àwọn òbí wọn kò bìkítà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Òbí ọmọ náà lè wà lára àwọn tó ń ka ìwé yín, kò sì sí ọmọ tó yẹ kí wọ́n fi ìtìjú rẹ̀ gba owó. Bí ilé ìwé yín bá wà lára àwọn tó ń gba owó Title I, ìyẹn owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìdílé tí kò rí já jẹ wà, gbólóhùn kan péré ti tó láti sọ ọ́. Orúkọ ọmọ, àìsàn rẹ̀, máàkì rẹ̀, ẹ má mẹ́nu kàn án rárá; òfin FERPA ti ọdún 1974 ló ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀pọ̀ àjọ kì í fẹ́ kí àwọn tó ń yẹ ìwé wò mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má kọ orúkọ yín tàbí ti ilé ìwé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ sì wá ìbuwọ́lùwé ọ̀gá ilé ìwé ní kùtùkùtù.

Lórí ìṣirò owó, ẹ má fojú díwọ̀n. Bí ohun èlò bá jẹ́ $480, tí owó ìfiránṣẹ́ sì jẹ́ $55, $535 lẹ máa béèrè. $55 tí ẹ bá gbàgbé, inú àpò yín ló ti máa jáde. Ẹ ka ohun tí wọn kì í sanwó fún dáadáa. Owó oṣù, oúnjẹ àti ọkọ̀ ìrìn-àjò sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tàbí áàpù bá wà nínú èrò yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ dísítíríìtì bóyá wọ́n gbà á láyè. Mélòó nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi irú owó yìí rà ló ń jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé kò lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwé!

Bí wọ́n bá ti fún yín lówó náà, ẹ má sáré fi káàdì ara yín ra nǹkan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kì í san owó orí ọjà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì ilé ìwé rà á. Ohun tí wọ́n bá sì rà, ti ilé ìwé ni lọ́pọ̀ ìgbà, kódà bí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Kí ẹ tó fi fọ́tò àwọn ọmọ sínú ìjábọ̀, ẹ rí i pé òbí wọn ti fọwọ́ sí i.

Àwọn kan tún máa ń pa irú àjọ yìí pọ̀ mọ́ DonorsChoose, ìkànnì ìtọrẹ fún kíláàsì tí Charles Best, olùkọ́ kan ní Bronx, dá sílẹ̀ lọ́dún 2000. Ibẹ̀ yàtọ̀. Ohun èlò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé, kì í ṣe owó, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣètọrẹ ni owó rẹ̀ sì ti ń wá. Dísítíríìtì yín lè ní òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àjọ ìrànwọ́ bá kọ̀wé pé ìbéèrè yín kò wọlé, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì àjọ náà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí àwọn tó yẹ ìwé wò sọ nípa tiyín, kí ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ padà nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i.